Ṣé ẹ fẹ́ sinmi ni, àbí ẹ fẹ́ dìde? Ìfiwéra fíìmù mẹ́jọ fún ọkàn tó rẹ̀

Ẹni tó rẹ̀ àti ẹni tí ìrètí rẹ̀ ti ń tán kì í ṣe ẹnì kan náà, fíìmù kan náà kọ́ ló sì yẹ wọ́n. Ẹni tó lo wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀, tó délé láago mẹ́sàn-án alẹ́ tí orí ń fọ́ ọ, kò nílò fíìmù tí yóò ní kó tún tẹpá mọ́ṣẹ́ sí i. Ẹni tó sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì, tó ti ń sọ pé ìwé ò sí nínú kádàrá òun, àwòrán òkun àti orin dídùn kò lè tù ú nínú pẹ́ títí. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹnìkan tó gba irú ọ̀nà yẹn kọjá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé fíìmù wo ló dára fún ọkàn tó wúwo, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: ṣé o fẹ́ sinmi ni, àbí o fẹ́ dìde?

Mẹ́jọ ni mo fẹ́ fi wéra. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ dókúmẹ́ǹtárì, ìyẹn ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an là ń rí tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Òṣèré ló ṣe márùn-ún tó kù, mẹ́rin nínú wọn sì dá lórí ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìtàn àròsọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì sún mọ́ ilé jù.

Ọmọ tí kò sówó ilé ìwé fún

*Queen of Katwe* (2016) àti *The Boy Who Harnessed the Wind* (2019) jọra débi pé wọ́n sábà máa ń dárúkọ wọn pọ̀. Ọmọ Áfíríkà ló ni ìtàn méjèèjì, àìrówó ilé ìwé san ló sì dá àwọn méjèèjì jókòó sílé. Àmọ́ bí ẹ bá wò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ènìyàn dé.

Phiona Mutesi ń ta àgbàdo ní Katwe, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Kampala, olú ìlú Ùgáńdà, nígbà tó dé ibi tí Robert Katende ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ayò chess. Oúnjẹ tí wọ́n ń pín níbẹ̀ wà lára ohun tó fà á wọlé. Mira Nair, ọmọ Íńdíà tó ti fi Kampala ṣe ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló darí fíìmù náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí àdúgbò yẹn ní àwọ̀ àti ariwo tirẹ̀, tí kò fi jẹ́ ibi tí wọ́n kàn wá ṣàánú. David Oyelowo, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford, tó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó, ló ṣe Katende. Lupita Nyong'o ló ṣe ìyá Phiona. Madina Nalwanga, ọmọ Kampala tó ṣe Phiona fúnra rẹ̀, kò tíì ṣe fíìmù rí.

Mo fẹ́ràn fíìmù yìí nítorí bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ ìjákulẹ̀ kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù irú èyí, ìyà á jẹ ọmọ ní ìdajì àkọ́kọ́, ògo á sì dé ní ìdajì kejì. Ti Phiona kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti na àwọn ọmọ ilé ìwé ńlá, ó ti wọ bàálù lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ó wá padà dé, ilé tó ti jáde lọ kò sì bá a lára mu mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Olympiad, ìdíje ayò chess àgbáyé, ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2010, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ sì na òun náà níbẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó fẹ́ jáwọ́. Bí Katende ṣe bá a sọ̀rọ̀ lákòókò yẹn, láìpariwo, láìṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ, ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí àti olùkọ́ wò dáadáa. Nígbà tí fíìmù bá sì ń parí lọ, àwọn òṣèré á jáde wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn gidi tí wọ́n ṣojú fún. Ẹ má ṣe pa á kí ó tó kan ibẹ̀.

Ti William Kamkwamba, ọmọ inú *The Boy Who Harnessed the Wind*, wúwo ju ìyẹn lọ. Wimbe ní Màláwì ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà ìyàn ọdún 2001 sí 2002. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ti kúrò nílé ìwé, ó wá ń lọ kàwé ní láíbúrárì. Ìwé kan níbẹ̀ ló fi kọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe lè fa iná. Igi àti dáínámò kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà irin tó ṣà jọ lórí ààtàn ló fi ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí. Chiwetel Ejiofor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló darí fíìmù yìí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó darí, òun náà ló sì ṣe bàbá William. Èdè Chichewa ni wọ́n ń sọ ní apá púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ló mú mi lọ́kàn jù. Wọ́n ti ń jẹun ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ nínú ilé yẹn. Àgbàdo ti tán. Kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ló kù tí bàbá lè pè ní tirẹ̀, ọmọ náà sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé e nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní abúlé wọn. Bàbá bínú, ó kọ̀. Ejiofor ṣe é débi pé kò sí bí ẹ ó ṣe dá bàbá lẹ́bi. Ẹ̀rù ń bà á ni. Ó ti pàdánù púpọ̀, kò sì mọ̀ bóyá eré ọmọdé ni èyí. Bàbá àti ọmọkùnrin tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé mọ́ lè jókòó wo fíìmù yìí pọ̀ láì sọ ohunkóhun síra wọn, yóò sì bá wọn sọ ọ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Nínú fíìmù, omi tí ẹ̀rọ ńlá náà fà sínú oko ni ayẹyẹ ìparí. Ní òtítọ́, iná ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí William gbé nàró ń fún ilé wọn, ọ̀rọ̀ omi wá lẹ́yìn. Kò ba adùn rẹ̀ jẹ́ lójú mi, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá wò ó tó sì fẹ́ dán irú rẹ̀ wò yẹ kó mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń lọ, kì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Èwo ni kí ẹ mú nínú méjèèjì? Bí ọmọ yín bá fìdí rẹmi, tí ojú ń tì í, ẹ mú *Queen of Katwe*. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti owó gan-an ló ń da ilé yín láàmú lọ́wọ́, ẹ rora. Ebi inú fíìmù William pẹ́ lójú, ajá rẹ̀ sì kú nínú ebi náà. Ẹni tí ipò ọ̀hún ti kọjá lórí rẹ̀ yóò rí okun gbà níbẹ̀. Ẹni tó ṣì wà láàárín rẹ̀ lè má lè wò ó parí. N kì í fi han àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tó jẹ́ òbí ló rẹ̀

Àwọn méjì tí mo ti sọ yìí, ojú ọmọ ni wọ́n fi ń wo ayé. *Rise* (2022) fi ojú òbí wò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun. Akin Omotoso, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì wá ṣí lọ sí Gúúsù Áfíríkà, ló darí rẹ̀. Ìtàn Charles àti Veronica ni, ọkùnrin Yorùbá àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí wọ́n ṣí kúrò ní Èkó lọ sí Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì. Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà kó tó di Antetokounmpo nínú ìwé àwọn Gíríìkì. Àwọn ọmọ wọn, Giannis àti Thanasis, lo bàtà bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan ṣoṣo: ẹnìkan á wọ̀ ọ́ ṣeré, á bọ́ ọ fún èkejì. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks mú Giannis ní ipò kẹẹ̀ẹ́dógún nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó já sí.

Eré bọ́ọ̀lù kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ló pọ̀: ẹ̀rù ọlọ́pàá, ẹ̀rù kí iṣẹ́ bọ́ nítorí àìsí ìwé ìgbélùú, ẹ̀rù ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sí Nàìjíríà tí wọn kò lè padà lọ wò. Ọjà títà lójú pópó ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó ti dúró ní ọ́fíìsì ìgbélùú rí, tí wọ́n ní kó lọ mú ìwé tí kò lè rí láìkọ́kọ́ ní ìwé mìíràn, kò ní nílò àlàyé. Fíìmù náà kì í fẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú, Disney ló sáà ṣe é, nítorí náà àwọn ìwà burúkú tí aláwọ̀ dúdú ń rí ní ìlú yẹn kò hàn tó bó ṣe yẹ. Síbẹ̀, bí Charles àti Veronica ṣe ń jókòó lálẹ́ tí wọ́n ń ro ọ̀la àwọn ọmọ wọn pa pọ̀, tí ọ̀kan ń gbé èkejì ró, n kò tíì rí fíìmù mìíràn tó fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ wo òbí tó wà ní àjò. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ìlú òyìnbó, ẹ bá wọn wò ó.

Fíìmù ìsinmi

*My Octopus Teacher* (2020) àti *Searching for Sugar Man* (2012) jẹ́ dókúmẹ́ǹtárì, méjèèjì ló gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, méjèèjì kò sì tó wákàtí kan àtààbọ̀. Kò sí èyí tó ń lé ènìyàn síwájú nínú wọn.

Craig Foster, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fíìmù ní Gúúsù Áfíríkà, ni iṣẹ́ ti mu lẹ́jẹ̀ débi pé kò fẹ́ rí kámẹ́rà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lójoojúmọ́ nínú òkun tútù tó wà nítòsí Cape Town, láìwọ aṣọ òtútù, láàárín igbó ewéko abẹ́ omi. Níbẹ̀ ló ti pàdé octopus kan, ẹ̀dá òkun alápá mẹ́jọ tí kò ní egungun. Ó ń padà lọ wò ó títí ẹ̀dá náà fi gbà á gbọ́, tó na apá rẹ̀ kan, tó fi kan ọwọ́ rẹ̀. Ẹja yanyan kan gé ọ̀kan nínú apá yẹn jẹ, apá náà sì hù padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀, orin rẹ̀ tutù, omi náà sì lẹ́wà gidigidi. Ẹni tí kò lè sùn nítorí èrò, èyí ni mo máa ń sọ fún un. Ẹ̀dá náà kú níkẹyìn, lẹ́yìn tó yé ẹyin rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo irú rẹ̀ ṣe máa ń kú. Wọ́n fi sùúrù sọ ọ́, kò sì dẹ́rù bani. Síbẹ̀, bí òkú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nílé yín, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ gorí ọjọ́ kí ẹ tó wò ó.

*Searching for Sugar Man* ni tèmi. Bí n bá ní láti fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú mẹ́jọ yìí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó rí i, olùkọ́, akọ̀wé, aránṣọ, akọrin, òun ni mo máa fi sílẹ̀. Sixto Rodriguez, ọmọ Detroit ní Amẹ́ríkà, ṣe àwo orin méjì, ọ̀kan ní 1970, èkejì ní 1971. Kò sẹ́ni tó rà wọ́n. Ilé iṣẹ́ orin já a sílẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ alágbára, ó ń wó ilé, ó ń kó pàǹtí rẹ̀, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Kò mọ̀ pé ní Gúúsù Áfíríkà, lákòókò ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àwọn ọ̀dọ́ ń da orin òun kọ láti yàrá dé yàrá, wọ́n sì gbà pé ó ti kú. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ méjì níbẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa rẹ̀. Ní 1998, ó bọ́ sórí pèpéle ní Cape Town níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ lórí.

Ìgbà tí ìhó ayọ̀ sọ, ẹ wo ojú rẹ̀. Kò sí ìyàlẹ́nu níbẹ̀, kò sí ìbínú. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó wọ ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ nínú fíìmù náà irú bàbá tó jẹ́: ó ń kó wọn lọ sí ibi ìkówèésí àti ilé àwòrán, ó ń wọ aṣọ dáadáa lọ síbi iṣẹ́ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, Detroit ló padà sí, nínú ilé rẹ̀ àtijọ́, ó sì fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ ní púpọ̀ nínú owó tó rí. Malik Bendjelloul, ọmọ Súwídìn, ló ṣe fíìmù náà. Kò sọ fún wa pé Rodriguez ti lókìkí ní Ọsirélíà náà, ó sì ti lọ kọrin níbẹ̀ ní 1979, ohun tó sì fi sílẹ̀ yẹn mú kí ìtàn náà dàbí iṣẹ́ ìyanu ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ó yẹ kí ẹ mọ̀. Kò dín ìfẹ́ mi sí i kù rárá. Rodriguez kú ní 2023, ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Nígbà tí ìlú bá sú yín

Nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ẹni ló ń wúwo lọ́kàn wa. Ìròyìn ni. *Pray the Devil Back to Hell* (2008) wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin Làìbéríà, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá ìtòsí ọjà ẹja ní Monrovia nínú òòrùn àti òjò, títí Charles Taylor, ààrẹ orílẹ̀-èdè náà nígbà ogun abẹ́lé, fi gbà láti rí wọn. Ní 2003, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó ń jà dé Accra níbi tí wọ́n ti ń jíròrò àlàáfíà. Nígbà tí ìjíròrò náà kò lórí tí kò nídìí, wọ́n jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò jáde. Wọ́n fẹ́ mú Leymah Gbowee, aṣáájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ rẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò kí a sọ fún un ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí láti ọwọ́ ìyá. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, olórí Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ rí tó ń ṣe alárinà níbẹ̀, ló jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Gbowee gba àmì ẹ̀yẹ Nobel ní 2011. Àwòrán ogun wà nínú fíìmù náà, ọmọdé tó gbé ìbọn wà níbẹ̀, àgbàlagbà nìkan ni kó wò ó.

*The First Grader* (2010) rọlẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ìrora tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kẹ́ńyà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 2003, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kan, Kimani Maruge, wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀, ó ní òun náà fẹ́ kàwé. Jagunjagun Mau Mau, àwọn tó bá ìjọba òyìnbó jà ní Kẹ́ńyà, ni í ṣe tẹ́lẹ̀, fíìmù náà sì fi ohun tí àwọn òyìnbó amúnisìn fojú rẹ̀ rí hàn láìbò ó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ fún ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ọmọdé ló jókòó sí. Ẹ bá àwọn àgbà wò ó, pàápàá àwọn tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 gbà wọlé, tàbí tó fi ọdún díẹ̀ kọjá wọn. Ìtàn tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn rẹ̀ lè gùn ju fíìmù náà lọ.

Ní èdè ilé

*Mokalik* (2019) tí Kúnlé Afọláyan darí ni àròsọ tí mo sọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Jáíyé, tí ilé wọn rí já jẹ, lo ọjọ́ kan péré gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Àwọn ọ̀gá ń kọ́ ọ ní ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n ń ṣe àwàdà, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn tó ní kókó lójú kókó lè sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi yóò rí i pé ìyẹn gan-an ló dùn níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò fi oníṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀sín, kò sì purọ́ pé iṣẹ́ náà rọrùn.

Ní ti bí ẹ ó ṣe rí wọn wò: ti William àti ti octopus jẹ́ ti Netflix fúnra rẹ̀, ẹ sì lè fà wọ́n sórí fóònù lálẹ́ nígbà tí dátà kò bá wọ́n púpọ̀, kí ẹ wò wọ́n nígbà tí iná bá lọ. Ti Disney ni *Queen of Katwe* àti *Rise*.

Bí ilé bá kún, tí màmá àgbà wà níbẹ̀ tí wọn kì í gbọ́ òyìnbó, tí ọmọ ọdún méje náà sì jókòó, *Mokalik* ni kí ẹ gbé sí i. Bí àwọn ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ẹ bọ́ sórí *Queen of Katwe*, ẹ má sì wò ó ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan kí wọ́n tó padà sílé ìwé. Ẹ wò ó ní ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá dé.